Ẹ Jẹ́ Ká Bi Omi Léèrè Kí A Tó Kó Ọmọ Edé Lọ sí Adó-Àwáyè

Ọ̀rọ̀ sísin edé ti di ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń sọ ọ́, ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó ń sọ ọ́, kódà ẹni tí kò rí edé níbòmíràn rí bí kò ṣe nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ náà ń sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Edé ti wọ́n lọ́jà, ilẹ̀ pọ̀ ní Òkè-Ògùn, iṣẹ́ ìjọba kò sì kárí. Adó-Àwáyè ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń já sí, nítorí pé omi orí òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ìlú náà. Wọ́n á ní, “Ìlú tó ní adágún lórí àpáta, ṣé edé ló máa wá kọ̀ ọ́?”

Èrò tiwa nìyí. Edé ṣeé sìn ní agbègbè Adó-Àwáyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo edé, kì í ṣe nínú gbogbo omi, kì í sì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á lẹ́yin. Ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ edé ń fẹ́, nítorí pé ìgbà ọmọdé ni edé ń kú jù. Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan méjì wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe rárá: a kò gbọ́dọ̀ kó alákàsà òkèèrè wọlé, a kò sì gbọ́dọ̀ da ẹran omi kankan sínú adágún Ìyàkẹ̀.

Orúkọ kan, ẹran mẹ́ta

Ohun púpọ̀ ni èdè wa ń pè ní edé. Àkọ́kọ́ ni edé gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ sínú ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja etí òkun, bí àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn ará Niger Delta, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹnikẹ́ni kì í sìn ín, àwọ̀n ni wọ́n fi ń kó o.

Ìkejì ni edé ńlá inú odò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn nílẹ̀ wa ni Macrobrachium vollenhovenii, tó ń gbé inú àwọn odò tó ń ṣàn sí òkun láti Senegal títí dé Angola. Èyí jẹ́ tiwa pátápátá.

Ìkẹta ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní crayfish gan-an: alákàsà kékeré tó ń gbé inú omi aláìníyọ̀, tí ìkarahun rẹ̀ le, tó sì ní ọwọ́ ńlá méjì bí ẹ̀mú. Kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà látilẹ̀wá, àfi ní erékùṣù Madagascar. Òun ló pọ̀ nínú àwọn fídíò tí a ń wò lórí YouTube, tí wọ́n ti ń sọ pé ó rọrùn láti sìn. Ibí yìí gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: a wo fídíò ìkẹta, a ń ronú owó àkọ́kọ́, ìkejì nìkan ló sì tọ́ sí wa láti sìn.

Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ti orúkọ nìkan. Bí ẹyin alákàsà omi aláìníyọ̀ bá ti pa, ọmọ náà ti dà bí ìyá rẹ̀. Yóò so mọ́ abẹ́ ikùn ìyá fún ìgbà díẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò nílò omi oníyọ̀ rárá. Ti edé odò wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa gbé ẹyin sábẹ́ ikùn bákan náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nínú ẹyin jẹ́ ìdin tín-ń-tín tó ń léfòó, tí kò jọ edé rárá, tí yóò sì kú bí kò bá tètè dé ibi tí omi odò ti pàdé omi òkun.

Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ èyí. Ní Malaysia, láti ìparí àwọn ọdún 1950 wọ inú àwọn ọdún 1960, Shao-Wen Ling ló ṣàwárí pé ìdin edé ńlá ilẹ̀ Éṣíà, Macrobrachium rosenbergii, kò lè yè láìsí iyọ̀ díẹ̀ nínú omi. Lẹ́yìn náà ni Takuji Fujimura ní Hawaii wá ọ̀nà láti tọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ohun tí wọ́n ń ṣe títí di òní ni pé wọ́n á po omi òkun, tó ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan, mọ́ omi aláìníyọ̀ títí yóò fi kù sí nǹkan bí gíráàmù 12. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìdin náà yóò ti yíra padà nígbà 11, láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, kó tó di ọmọ edé gidi. Ìgbà yẹn ló tó lè máa gbé inú omi aláìníyọ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún Adó-Àwáyè. Òkun jìnnà sí wa. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ pa ẹyin edé lẹ́yìnkùlé òun ní Òkè-Ògùn ń wá ìnáwó tí kò ní èrè. Etí òkun ni kí iṣẹ́ ìdin wà. Iṣẹ́ tiwa ni láti gba ọmọ edé tó ti yíra padà tán, tí gígùn rẹ̀ kò tíì pé sẹ̀ǹtímítà kan, kí a sì tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Pínpín iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ìtìjú.

Ohun tí ọmọ edé ń fẹ́

Àwọn ìwọ̀n tí a fẹ́ kà yìí jẹ́ ti edé ńlá ilẹ̀ Éṣíà, nítorí òun ni wọ́n ti sìn jù lágbàáyé. Edé tiwa jẹ́ ìbátan rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìgbóná omi. Dígírì 28 sí 31 ló dára jù fún ọmọ edé. Bí omi bá tutù ju èyí lọ, oúnjẹ rẹ̀ á dínkù, kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 14 tàbí tó kọjá 35, ikú ló kù. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé oòrùn kì í ṣe ìṣòro wa ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bọ̀ ní òpin ọdún, òru ọyẹ́ sì máa ń tutù gan-an. Táǹkì síméńtì kékeré tí omi rẹ̀ kò jìn yóò gbóná bí omi àmàlà lọ́sàn-án, yóò sì tutù nínìnnìn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyípadà òjijì yìí léwu fún ọmọ edé ju ìgbóná tàbí òtútù tó dúró lójú kan. Nítorí náà, kí omi jìn tó mítà kan, kí òrùlé tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo apá kan rẹ̀, kí a sì kó ọmọ edé wá nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè ti dàgbà kí ọyẹ́ tó dé. Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi. Ó yẹ kó tó mílígíráàmù 5 nínú lítà kan. Ibí yìí ni àwọn tó ti sin ẹja àrọ̀ rí ti máa ń ṣubú. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Ìdí nìyẹn tó fi ń yè nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ tí a kò pààrọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Edé kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Bí ọ́síjìn bá tán nínú omi, ó ti tán fún un. Ìdájí ló sì máa ń kéré jù, nítorí pé ewéko àti gbogbo ohun alààyè inú omi ti fi gbogbo òru mí. Ẹni tó bá ń yẹ omi rẹ̀ wò ní aago méjì ọ̀sán nìkan ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ìkẹta ni kálísíọ̀mù. Edé kò lè dàgbà láìbọ́ èèpo. Ọmọ edé a máa bọ́ èèpo ní ìgbà dé ìgbà, kálísíọ̀mù inú omi àti inú oúnjẹ ló sì fi ń mú èèpo tuntun le. Àwọn tó ń sìn ín ń wá omi tí líle rẹ̀ wà láàárín mílígíráàmù 30 sí 150 nínú lítà, tí pH rẹ̀ sì wà láàárín 7 àti 8.5. Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Adó-Àwáyè. Omi òjò tó ṣàn lórí irú àpáta bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ omi rírọ̀, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kì í pọ̀. Omi kànga dẹ̀rọ lè yàtọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun náà ní ìṣòro tirẹ̀: bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọ́síjìn inú rẹ̀ máa ń kéré, irin sì lè wà nínú rẹ̀. Kí a jẹ́ kó ṣàn, kó tò sílẹ̀ láti òkè, kó sì fara gba afẹ́fẹ́ kí edé tó dé inú rẹ̀. Ti kálísíọ̀mù kò ṣòro: ẹfun àwọn àgbẹ̀ wà, ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná wà. Ohun tó ṣòro ni kí a mọ iye tó yẹ, a kò sì lè mọ iye láìwọn omi.

Ìkẹrin ni ibi ìfarapamọ́. Edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo rọ̀ bí ẹ̀kọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láìbojúwẹ̀yìn. Bí táǹkì bá mọ́ tónítóní tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, ẹ ti tẹ́ tábìlì fún wọn nìyẹn. Kí a kó ewé ọ̀pẹ, àwọ̀n àtijọ́, páìpù gígé tàbí ìgò ike tí a ti gé sínú omi, kí olúkúlùkù lè rí ihò sá sí. Ẹja àrọ̀ àti epìyà kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí oúnjẹ ni ọmọ edé jẹ́ lójú wọn.

Ìkarùn-ún ni májèlé. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ omi àti ìgbẹ́ edé ń di amóníà, amóníà sì ń pa ọmọ edé. Kí a máa bu oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa fà á kúrò bó bá ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dẹ́rù bà wá jù ni oògùn apakòkòrò. Edé jẹ́ ìbátan kòkòrò. Oògùn tó ń pa kòkòrò lára ẹ̀wà àti tòmátò ń pa edé pẹ̀lú, díẹ̀ báyìí nínú rẹ̀ sì ti tó. Gbogbo wa la mọ ìtàn Gamalin 20, tí àwọn kan ń dà sódò kí ẹja lè léfòó. Ẹni tó bá gbẹ́ adágún edé sí ìsàlẹ̀ oko tí wọ́n ti ń fín oògùn, tí òjò sì rọ̀ mọ́jú, kó má wulẹ̀ bi aládùúgbò léèrè ohun tó pa edé òun.

A fẹ́ fi nǹkan kékeré kan kún un. Táǹkì síméńtì tuntun ń mú kí pH omi ga sókè gan-an. Àwọn tó ń sin ẹja nílẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń rẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n á da omi nù, wọ́n á tún rọ òmíràn, àwọn mìíràn a sì kó igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Bákan náà, kí a má da ọmọ edé tó rìnrìn àjò láti etí òkun sínú omi tuntun lójijì. Kí ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá kọ́kọ́ léfòó nínú táǹkì títí ìgbóná omi méjèèjì yóò fi dọ́gba, kí a sì máa bu omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀.

Kí ló burú nínú alákàsà òkèèrè?

Àwọn kan yóò sọ pé: bí edé wa bá ń da gbogbo èèyàn láàmú tó báyìí, ẹ jẹ́ ká kó alákàsà òkèèrè wá, ó ṣáà ń bímọ sínú omi aláìníyọ̀. Òótọ́ ni pé ó rọrùn. Ìrọ̀rùn rẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀. Ẹran tó ń bímọ níbikíbi, tó ń jẹ gbogbo nǹkan, tó sì lè fẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ láti adágún kan bọ́ sí òmíràn, kò ní dúró sínú táǹkì yín.

Ní 1970, wọ́n da alákàsà ilẹ̀ Amẹ́ríkà sínú adágún Naivasha ní Kenya. Ó jẹ àwọn ewéko inú omi náà run débi pé gbogbo ìṣètò adágún náà yí padà. Wọ́n kó alákàsà Australia lọ sí Zambia láti sìn, ó bọ́, lónìí ó ti wà nínú odò Kafue àti adágún Kariba, níbi tó ti ń jẹ ẹja tó há sínú àwọ̀n àwọn apẹja kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ní Yúróòpù, àrùn tí alákàsà Amẹ́ríkà ń gbé kiri, tí kì í pa òun fúnra rẹ̀, ti ń pa alákàsà ìbílẹ̀ wọn láti bí ọdún 1860. Kò sí èyí tí wọ́n rí kó padà nínú gbogbo rẹ̀.

Odò Ògùn ló fa omi Òkè-Ògùn mọ́ra. Ó kọjá sí ìsédò Ikere Gorge lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì lọ bọ́ sínú ọ̀sà Èkó. Alákàsà kan tó bá bọ́ ní Adó-Àwáyè ní ọ̀nà tó já gaara dé Èkó. Èrè ẹnì kan kò tó nǹkan tí a fi í da odò ìpínlẹ̀ mẹ́ta láàmú.

Ìyàkẹ̀ kì í ṣe táǹkì

Ẹ̀dá kan náà tó ń sọ̀rọ̀ alákàsà ló máa ń sọ pé Ìyàkẹ̀ wà níbẹ̀ lásán. Kò sí ohun tó wà lásán. Adágún orí àpáta ni, kò tóbi, òjò ni ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń bu ọlá fún un láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Àwọn arìnrìn-àjò ń gun òkè náà nítorí rẹ̀, èyí sì ti jẹ́ owó fún ìlú láìsí pé a da nǹkan kan sínú rẹ̀. Oúnjẹ edé àti ìgbẹ́ edé nínú omi kékeré tí kò ní odò tó ń fọ̀ ọ́ yóò sọ ọ́ di ẹrẹ̀ ewéko. Yàtọ̀ sí èyí, ìlú ló ni ín, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ àṣekágbá. Ìsàlẹ̀ òkè ni kí táǹkì wà.

Èrè tó ju owó lọ

Bí a bá dúró ti edé tiwa, èrè kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Ní 1986, wọ́n parí ìsédò Diama lórí odò Senegal. Ìsédò náà dínà mọ́ Macrobrachium vollenhovenii, kò lè lọ bímọ mọ́ níbi tí iyọ̀ wà. Edé yìí ló ń jẹ ìgbín omi tó ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá. Edé lọ, ìgbín gbòde, àtọ̀sí ajá sì gba Richard Toll àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀ kan. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ dá edé padà sí etí omi abúlé kan tó ń jẹ́ Lampsar. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2015 fi hàn pé ìgbín tó ní àrùn dínkù níbẹ̀, àrùn náà sì dínkù lára àwọn èèyàn tó ń lo omi náà.

Àtọ̀sí ajá kì í ṣe ìtàn Senegal nìkan. Ìsédò Ọyán lẹ́bàá Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1983, ti di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àrùn yìí léraléra. Ikere Gorge náà sé odò Ògùn. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá edé ṣì ń rí ọ̀nà gòkè, àti ohun tó ń jẹ ìgbín omi báyìí. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ edé ìbílẹ̀ dàgbà lè rí nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó kó alákàsà òkèèrè wá kò lè gbìyànjú rẹ̀ láìdá ìṣòro mìíràn sílẹ̀.

Ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé la ń kà, pé àwọn tó ń sin ẹja kò wọn omi kí wọ́n tó di ọlọ́jà. A ti dáhùn tẹ́lẹ̀: àrọ̀ ló ń dárí jì wọ́n. Edé kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Owó tí ìyá kan yá nínú àjọ fún ọmọ rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kú sínú omi ní òru ọjọ́ kan nítorí pé a kò ra ohun ìwọn ìgbóná.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. LAUTECH ti ní ọgbà ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Kò jìnnà sí Adó-Àwáyè. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún pín ara wọn, kí wọ́n máa wọn omi kànga, omi kànga dẹ̀rọ àti omi odò agbègbè náà fún ọdún kan gbáko: ìgbóná rẹ̀ ní ìdájí àti ní ọ̀sán, ọ́síjìn, pH àti líle rẹ̀, ní ìgbà òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà ọyẹ́. Kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda ìlú, kí wọ́n kọ́ táǹkì kan ṣoṣo, kí wọ́n gba ọmọ edé ìbílẹ̀ láti etí òkun, kí wọ́n sì máa ka iye tó kú àti ìdí tó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde níwájú wa, tí ẹ ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún àwa tó kù lẹ́yìn, ẹ má fi owó ra alákàsà fún wa. Ohun ìwọn omi ni kí ẹ rà. Kò wọ́n tó táǹkì kan, yóò sì gba ọ̀pọ̀ táǹkì là.